Bọ́tìnì tó ń jẹ́ "Ìwé"

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n gbé fún mi, ti áàpù kan tí èèyàn fi ń gba àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kó tó jáde nílé. Fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ pín sí òpó méjì: Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, apá ọ̀tún ṣófo, èmi ni kí n fi Yorùbá dí i. Ìlà tó wà níbẹ̀ lé ní 400. Nígbà tí mo fi máa dé ìlà tí wọ́n kọ "Book" sí, ọwọ́ mi ti yá, mo ti ń sáré. Ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, kí ni mo fẹ́ dúró rò níbẹ̀? Mo tẹ "Ìwé", mo bọ́ sí ìlà tó kàn.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé áàpù náà sórí fóònù ara mi. Mo yan ibi tí mò ń lọ, mo yan ọjọ́, mo yan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo wá ń wá ibi tí màá tẹ̀ kí ìjókòó náà lè di tèmi. N kò rí i. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé gbàràmù kan ló wà nísàlẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ sí i lára ni "Ìwé". Mo wò ó títí. Ìwé wo? Ta ló fẹ́ kàwé níbí? Ẹnu mi ti fẹ́ máa bú ẹni tó ṣe iṣẹ́ játijàti yìí kí n tó rántí pé èmi ni.

Mo ní kí n tètè jáde níbẹ̀ kí ojú má baà tì mí jù báyìí lọ. Ní igun òkè, níbi tí èèyàn ti ń tì í pa, mo rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kejì. "Close" ni wọ́n kọ fún mi nínú fáìlì. "Nítòsí" ni mo fi túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. "Book" ni ìwé, "book" náà sì ni kí èèyàn gba àyè sílẹ̀ kó tó di ọjọ́. Inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó gba àyè sí láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti jáde lára ọ̀rọ̀-orúkọ. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, ìró kan náà, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀ tí ojú lè rí. Nínú áàpù tó wà fún ìrìn àjò, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Mo fi orúkọ sípò ìṣe, odindi bọ́tìnì sì di yẹ̀yẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ti fi ojú mi rí màbo rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá sójú pátákó, ó ní ká kọ ìsọ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà síwájú rẹ̀. Kò fi wọ́n sínú gbólóhùn kankan. Ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, bí orúkọ àwọn tó pẹ́ dé. "Water" wà níbẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀-ìṣe síwájú rẹ̀, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí kíláàsì wa lọ "water the flowers", a sì ti bomi rin òdòdó títí bàtà wa fi rin. Ta ló tún fẹ́ sọ fún mi pé "water" kì í ṣe iṣẹ́? Tíṣà fi bírò pupa fa igi lé e lórí. Mo gbé ìwé mi lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin náà lẹ ní ká lọ 'water' òdòdó láàárọ̀."

Ó wò mí, ó ní, "Omi ni 'water'. Ṣé omi ń ṣe nǹkan ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo padà sí ìjókòó mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìsọ̀rí tirẹ̀ tó gbé sápò bí káàdì ìdánimọ̀. "Water": orúkọ. "Book": orúkọ. "Run": ìṣe. Ó tán. Inú mi kò bí sí tíṣà náà mọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ló ní àbùkù, kì í ṣe ìdáhùn mi. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì wọ inú gbólóhùn kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí tíṣà bi wá ni iṣẹ́ tó ń ṣe níbi tó wà. Fáìlì onílà 400 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, pátákó ọjọ́ náà náà ni. Ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Tábìlì ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa há sórí kì í tilẹ̀ ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá. Ìwé gírámà tí wọ́n kà sí ti Dionysius Thrax, láti nǹkan bí ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù, pín ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́jọ. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yẹn. Ó bá Gíríìkì àti Látìn mu, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ohun tó jẹ́ níbẹ̀. Ní Látìn, "amor" ni ìfẹ́, "amare" ni kí èèyàn fẹ́ràn. Ẹni bá ti rí ìrù ẹran ti mọ irú ẹran tó wọlé.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n ń sọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "lufu" ni ìfẹ́, "lufian" ni láti fẹ́ràn. Bí ọ̀rúndún ṣe ń gorí ọ̀rúndún, ìparí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń rọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́, ó ń di ìró fẹ́ẹ́rẹ́ kan, títí ó fi wọmi pátápátá. Lónìí, "love" ni méjèèjì. Wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kúrò lọ́rùn ọ̀rọ̀, wọn kò sì ju tábìlì tó ń fi aṣọ dá òṣìṣẹ́ mọ̀ nù. Òun ni tíṣà mi gbé wá sí kíláàsì.

Àwa kò tíì bọ́ tiwa. Bí "fẹ́" bá fẹ́ di orúkọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi "ì" bora, kó di "ìfẹ́". "Lọ" máa ń di "àlọ" tàbí "lílọ", "kọ́" a di "ẹ̀kọ́". Kò sí bí "lọ" ṣe fẹ́ jókòó sípò olùwà ní ìhòhò. Ẹni tó bá sọ pé "Lọ rẹ pẹ́" dípò "Lílọ rẹ pẹ́", a ó mọ̀ pé àlejò ni. Ojú tí mo fi gbọ́ èdè ìyá mi ni mo gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì: mò ń wo ara ọ̀rọ̀, mò ń wá aṣọ. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń wọṣọ nígbà míì. "Kind" á fi "-ness" kún ara rẹ̀, á di "kindness", orúkọ pọ́nbélé. Ìgbà tí ojú rẹ bá ti mọ́ irú ìyẹn lára ni "book" máa yọ sí ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ká tú u wò. "Round". Nínú "a round table", ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni, ó ń sọ bí tábìlì ṣe rí. Nínú "the final round", ó ti di orúkọ, ìpele tó kẹ́yìn nínú ìdíje. Bí awakọ̀ bá "round the corner", ó ti di ìṣe: ọkọ̀ yà ní kọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá "turn round", ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni, ó ń sọ ibi tí yíyí náà kọjú sí. "They sat round the fire" ńkọ́? Ọ̀rọ̀-atọ́kùn nìyẹn, òun ló so ìjókòó wọn mọ́ iná. Iṣẹ́ márùn-ún, òṣìṣẹ́ kan.

Mo gbìyànjú láti túmọ̀ márààrún. Ti tábìlì di "róbótó", ti ìdíje di "ìpele", ti awakọ̀ di "yà". Ẹni tó "turn round" bojú wẹ̀yìn, àwọn tó wà nídìí iná jókòó yí i ká. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò mọ ara wọn rí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ṣàkíyèsí nǹkan kan nípa ojú ara mi: n kò wo "round" fúnra rẹ̀ rárá. Àwọn tó jókòó tì í ni mò ń wò. Nígbà tí mo rí "the final" níwájú rẹ̀, mo ti mọ̀ pé orúkọ ló ń bọ̀. Nígbà tí "the fire" tẹ̀ lé e lẹ́yìn "sat", mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ so nǹkan mọ́ nǹkan. Àwọn aládùúgbò ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́rìí rẹ̀.

Bí àwọn aládùúgbò náà bá wá kó lọ ńkọ́? Charles Fries, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, mú àpẹẹrẹ kan wá lọ́dún 1952 tí mo fẹ́ràn gan-an. Ká ní wọ́n fi tẹligíráàmù ọlọ́rọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ síni: "Ship sails today". Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó nídìí tẹligíráàmù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kékeré fi máa ń fò nínú rẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ojú omi ń ṣí lónìí ni, àbí wọ́n ní ká fi ìgbòkun ránṣẹ́ lónìí? Bí wọ́n bá kọ "The ship sails today", ìjà parí. Bí wọ́n bá kọ "Ship the sails today", ìjà parí. "The" tí a fojú di pé kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, òun ni ẹlẹ́rìí tí ẹjọ́ ń dúró dè. Bọ́tìnì orí fóònù, tẹligíráàmù tiwa nìyẹn. Àyè ló wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe owó, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan náà ni wọ́n ń gé jù nù.

Kò wá yani lẹ́nu pé ẹ̀rọ náà ti kọsẹ̀ níbi tí mo ti kọsẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Anthony Oettinger àti Susumu Kuno ń fi kọ̀ǹpútà tú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀ ní Yunifásítì Harvard. Gbólóhùn kan tí ó di ìlú mọ̀ọ́ká láti ibẹ̀ ni "Time flies like an arrow". Àwa gbọ́ pé àkókò ń fò lọ bí ọfà, ó tán. Kọ̀ǹpútà kò gbà pé ó tán. Ó ní "time" lè jẹ́ ìṣe, kí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ máa wọn bí eṣinṣin ṣe ń yára tó, bí èèyàn ṣe ń wọn ti ọfà. Ó ní "time flies" lè jẹ́ irú eṣinṣin kan báyìí, "like" a sì di ìṣe: àwọn eṣinṣin náà fẹ́ràn ọfà kan. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àmọ́ ẹ tún un wò, kò ṣi gírámà kankan. Gbogbo ohun tó sọ ni Gẹ̀ẹ́sì gbà láàyè. Ohun tó ṣe aláìní ni ìmọ̀ pé kò sí eṣinṣin tó ń fẹ́ràn ọfà, ìyẹn kò sì sí nínú gírámà.

Ẹnì kan lè rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò pọ̀. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Lọ́dún 1988, Steven DeRose ṣe ìṣirò lórí àkójọ Brown, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀ láti inú oríṣiríṣi ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961. Bí èèyàn bá ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ jẹ́ 11.5 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí a bá ka gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ fara hàn, wọ́n lé ní 40 nínú 100. Àwọn díẹ̀ yẹn ni kì í sinmi: "that", "like", "back", "down", "well", "still", "out". Ọ̀rọ̀ ńláńlá tí a ń ṣí ìwé atúmọ̀-èdè nítorí rẹ̀ sábà máa ń dúró sójú kan. Àwọn kéékèèké tí a rò pé a ti mọ̀ ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ láti ìsọ̀rí kan sí òmíràn.

Etí máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ níbi mélòó kan. Bí "record" bá jẹ́ orúkọ, ìró iwájú rẹ̀ ni ẹnu máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni. "Permit", "object" àti "import" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Close" mi àná wà nínú irú èyí: tó bá jẹ́ nítòsí, ìparí rẹ̀ dún bíi "s", tó bá jẹ́ kí a ti nǹkan, ó dún bíi "z", ìró tí a kò ní. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ohùn yìí rọ àwa lọ́rùn, àwa tí a mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́. Ó kàn jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àmì sórí rẹ̀ tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, bọ́tìnì kì í sì í sọ̀rọ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́?)

Àwọn kan wà tí inú ń bí sí gbogbo àṣà yìí. Benjamin Franklin, àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní December 1789 ó kọ lẹ́tà sí Noah Webster, ẹni tó padà wá ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ṣàròyé pé nígbà tí òun fi wà ní Faransé, wọ́n ti sọ àwọn orúkọ kan di ìṣe lẹ́yìn òun: "notice", "advocate" àti "progress". Ó ní ti "progress" ló burú jù, ó sì rọ Webster kó fi àṣẹ tó ní kọ̀ wọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹnu gbogbo ayé ń lò lónìí láìsí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Èmi náà ti wà lẹ́yìn Franklin rí. Nígbà tí "Google" wọ ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gẹ́gẹ́ bí ìṣe lọ́dún 2006, mo kùn. Báyìí, n kì í kùn mọ́, àfi lórí "action". Ẹni tó bá kọ sí mi pé kí n "action" nǹkan, mo máa ń jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ sùn mọ́jú kí n tó fèsì.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pé ẹnu mi kò gbà mí láyè láti bú Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ará Jámánì kan tó ń kọ́ Yorùbá ló gba ẹnu náà lọ́wọ́ mi. Ó fi gbólóhùn kan hàn mí tí ó ti ń bá jìjàkadì: "Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ ní òkè òkun." Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, 'ní' wo ni 'ní' níbí?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá wo gbólóhùn náà dáadáa. Ti àkọ́kọ́ ni kí èèyàn sọ̀rọ̀. Ti ìkejì ni kí èèyàn ní nǹkan. Ti ìkẹta kò ṣe nǹkan kan, ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rẹ́ wà lásán. Ohùn òkè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí aṣọ lọ́rùn ọ̀kankan. Láti ìgbà tí mo ti wà láyé, n kò rí i rí! Kí n tó lè gbèjà ara mi, ó ti fa "fún" yọ: "Ó fún mi", "Ó rà á fún mi". Onígírámà lè bá a jà pé "ní" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má jẹ́ ìbátan ara wọn rárá, pé wọ́n kàn jọra lójú ni, nígbà tí "round" márààrún jẹ́ ọmọ ìyá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò ran ará Jámánì náà lọ́wọ́.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà, mo tọrọ àforíjì, mo sọ "Ìwé" di "Gba àyè", mo sọ "Nítòsí" di "Tì í". Mo wá bẹ ẹni tó ń kọ kóòdù wọn pé kó bá mi fi òpó kẹta kún fáìlì, kó máa sọ níbẹ̀ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó ní kò le rárá, pé gettext, irinṣẹ́ tí àwọn fi ń ṣètò ìtumọ̀, ti ní àyè rẹ̀ tipẹ́, "msgctxt" ni wọ́n ń pè é, àwọn kò kàn kọ nǹkan sí i ni.

Fáìlì tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òpó mẹ́ta. Lára "Open", ó kọ ọ́ pé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láti ṣí tíkẹ́ẹ̀tì. Lára "Back", ó kọ ọ́ pé ọfà tó ń dá èèyàn padà ni. Mo ń gbádùn ara mi títí mo fi dé "Empty". Òpó kẹta rẹ̀ ṣófo. Mo kọ̀wé béèrè: ṣé kí èèyàn da nǹkan nù ni, àbí kò sí nǹkan níbẹ̀?

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó nínú kóòdù, pé méjèèjì ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn lò fún bọ́tìnì abẹ́ ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ń kó jọ sí, àti fún ojú ìwé tí èèyàn ń rí tí kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Pé ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára.

Ó bá mi pín in sí ìlà méjì. Mo tẹ "Dà á nù" sí ti òkè. Mo tẹ "Kò sí nǹkan kan níbí" sí ti ìsàlẹ̀.